Ẹni Tó Ń Ṣí Ilẹ̀kùn

Ológbò náà kò kú. Ohun tó kọ́kọ́ da ọkàn Ozella Tarpley rú láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ náà nìyí. Ìkòkò ọbẹ̀ adìẹ tí wọ́n ní májèlé wà nínú rẹ̀ wà nílẹ̀ ilé ìdáná, ológbò ti lá a mọ́ féfé bí ẹni fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́, ó wá gun orí tábìlì, ó ń fi ọwọ́ nu ẹnu. Bẹ́ẹ̀, Ìyá Vernice Sudduth, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, tí kò jẹ ju abọ́ kan lọ nínú ọbẹ̀ kan náà, ti kú sórí àga rẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn, kúbùsù lórí itan, awò lójú.

Ilé onípákó ni, ó dá wà lẹ́bàá odò Cane Creek, ní àríwá Mississippi. Láti ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni òjò dídì ti ń rọ̀, tó ń lẹ̀ mọ́ gbogbo nǹkan bí àtè. Iná mànàmáná ti lọ. Àwọn igi páìnì ń ya lulẹ̀ nínú igbó, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dún bí ìbọn. Nínú gbogbo ọlọ́pàá agbègbè náà, Ozella nilé rẹ̀ sún mọ́ ibẹ̀ jù, òun ni wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́. Kì í pariwo, kì í sáré. Àwọn ọ̀daràn máa ń sọ fún ara wọn pé bí obìnrin yẹn bá jókòó tì ọ́ tí kò sọ̀rọ̀, kí o yáa jẹ́wọ́, nítorí dídákẹ́ rẹ̀ le ju ìbéèrè lọ.

Ènìyàn méjì ló bá nínú ilé. Èkíní ni Dewitt Sudduth, ọkùnrin tó ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, ọmọ àbúrò olóògbé. Ìyá Vernice ló tọ́ ọ dàgbà, Màmá ló sì ń pè é. Òun ló pe ọlọ́pàá ní aago méje ààbọ̀. Èkejì ni Charmayne Pruitt, ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tó ti ń tọ́jú Ìyá Vernice láti ọdún mẹ́ta. Ilẹ̀ ló jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó fi kóòtù wé orí, ojú rẹ̀ rí ràdàràdà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bì.

Dewitt kò jẹ́ kí Ozella bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní ọmọ yìí ló pa Màmá. Ó ní nígbà ìwọ́wé tó kọjá ni Màmá kọ ilé náà sí Charmayne lórúkọ, pé láti ìgbà yẹn ló ti ń retí ọjọ́ tí ilé yóò bọ́ sí i lọ́wọ́.

"Èmi náà jẹ nínú ọbẹ̀ yẹn, Bùọ̀dá Dewitt," Charmayne wí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Àbí ẹ ò rí èébì ni?"

"O tọ́ ọ wò ni. Ẹni tó bu májèlé sọ́bẹ̀ ló mọ ibi tí yóò ti ṣíbí bọ̀."

Ozella wo ológbò, ó wo ìkòkò. Ó bi wọ́n bóyá abọ́ Ìyá Vernice yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Charmayne ní láti inú ìkòkò kan náà lòun ti bù ú, pé Màmá jẹ ẹ́ tán, ó fi búrẹ́dì àgbàdo nu ìdí abọ́, ó sì ní ó dùn. Abọ́ náà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Ológbò ti dé ọ̀dọ̀ òun náà, ó ti lá a.

Dewitt ní kí ọlọ́pàá tú àpò ọmọ náà wò. Ozella tú u. Nísàlẹ̀ àpò, lábẹ́ ìbòrí irun kan, ìgò oògùn oorun wà níbẹ̀, orúkọ Vernice Sudduth lára rẹ̀. Dewitt mí kanlẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹrù sọ̀. Charmayne ṣàlàyé pé Màmá máa ń gbàgbé pé òun ti lo oògùn, á sì tún un lò, ìdí nìyẹn tí òun fi ń tọ́jú rẹ̀ sọ́dọ̀. Ozella ṣí ìdérí. Bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi lẹ ẹnu ìgò pa láti ilé oògùn kò tíì ya. Ó dá ìgò náà padà sínú àpò, ó sì fi àpò lé Charmayne lọ́wọ́. Ojú Dewitt lọ sílẹ̀.

Ozella wọ yàrá ẹ̀yìn láti wo òkú. Kò sí ọgbẹ́, kò sí àmì ọwọ́ lọ́rùn. Èékánná ìyá náà pọ́n rẹ́súrẹ́sú, inú ètè rẹ̀ pọ́n pẹ̀lú, àní ó rẹwà ju bó ṣe yẹ kí òkú rẹwà lọ. Ozella rò pé òtútù ni. Ó ti rí òkú inú yìnyín rí. Ó rí i pé wọ́n fi ọ̀rá lẹ gbogbo fèrèsé yàrá náà pa yíká, pé omi ń ṣàn lójú ọ̀rá náà. Ó ya fọ́tò, ó sì jáde.

Ó lọ sínú pikọ́ọ̀pù rẹ̀ láti fi rédíò ọlọ́pàá sọ ohun tó rí. Ẹni tó gbọ́ ọ ní ọ́fíìsì ní igi ti dí ojú ọ̀nà Cane Creek ní ibi mọ́kànlá, pé dókítà tí í yẹ òkú wò kò lè dé kí ọ̀sán tó pọ́n gan-an. Ó bi í léèrè ta ni wọ́n fura sí. Ozella ní ọmọ àbúrò olóògbé ń fẹ̀sùn kan olùtọ́jú. Ibi tó bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí ohùn náà fi dàrú. Ó sọ̀kalẹ̀. Kò tíì gun àtẹ̀gùn ilé tán tí igi páìnì kan tó ga ju ilé ìjọsìn lọ fi dá, ó sì ṣubú lu iwájú pikọ́ọ̀pù náà, ó tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ. Fóònù kò ṣiṣẹ́ mọ́ láti ìgbà tí Dewitt ti pe ọlọ́pàá tán. Ọ̀nà tí ó gbà wọlé ti di ọ̀nà tí kò ṣe é gbà jáde. Òun, òkú kan, àti ènìyàn méjì tí ọ̀kan nínú wọn lè jẹ́ apànìyàn, ilé kan náà ni wọ́n wà.

Òtútù ilé náà kì í ṣe òtútù àfẹnusọ. Omi inú abọ́ ológbò ti dì. Ozella ní kí Dewitt bá òun gbé Ìyá Vernice lọ sí pálọ̀ iwájú, níbi tí òtútù yóò ti tọ́jú rẹ̀ di ìgbà tí dókítà bá dé. Wọ́n gbé e pẹ̀lú ọ̀wọ̀, Dewitt ń sunkún láìjẹ́ kí ó dún. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, Ozella ní kí Charmayne tan hítà yàrá ẹ̀yìn kí gbogbo wọn lè jókòó síbẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká dúró sí ilé ìdáná," Dewitt wí.

"Níbi tí omi ti dì nínú abọ́?"

"Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ kú sí yàrá yẹn ni, ọ̀gá. Kò yẹ ká máa yáná níbẹ̀."

Ozella gbà pé ọ̀fọ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Charmayne ń gbọ̀n bí ewé, Ozella fúnra rẹ̀ kò sì mọ ibi tí ìka ẹsẹ̀ òun wà mọ́. Wọ́n tan hítà.

Irú hítà tí gbogbo ilé agbègbè náà ní ni. Ara ògiri ló wà, àwo márùn-ún tó ń pọ́n dẹ̀dẹ̀ ló wà níwájú rẹ̀, táǹkì gáàsì ńlá tó wà lẹ́yìnkùlé ló ń bọ́ ọ. Kò ní ihò tí èéfín ń gbà jáde lórí òrùlé, kò sì nílò iná mànàmáná, ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi fẹ́ràn rẹ̀ nígbà yìnyín. Ẹ̀gbẹ́ irú rẹ̀ ni Ozella ti kọ́ ìwé kíkà lọ́mọdé. Charmayne ti ilẹ̀kùn, ó ká aṣọ ìnura dí abẹ́ rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Yàrá bẹ̀rẹ̀ sí í móoru.

Ozella ní kí Charmayne sọ ìtàn alẹ́ àná látòkèdélẹ̀. Ọmọ náà ní aago mẹ́fà ni àwọn jẹun, pé nítorí òtútù, òun tẹ́ ibùsùn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Màmá nínú yàrá yìí. Màmá ń dápàárá pé bí òun bá ń hanrun, kí Charmayne fi bàtà sọ òun. Kí ilẹ̀ tó mọ́, orífífọ́ ló jí Charmayne, bí ẹni fi òòlù lù ú. Ó rò pé òtútù-àyà ni. Ó rá lọ sí ilé ìdáná, ó bì, ó sì dùbúlẹ̀ síbi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí atẹ́gùn ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, nítorí pé òtútù ibẹ̀ tù ú lára. Kò lè dìde mọ́. Ohùn Dewitt ló jí i.

"Nígbà tí o jáde, ṣé hítà yìí ń jó?"

"Ó ń jó, mà."

Dewitt ti sọ tẹ́lẹ̀ pé nígbà tóun dé, hítà ti kú. Ozella wo ojú rẹ̀. Ọkùnrin náà kò jókòó. Ó dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀, ó ní òun fẹ́ máa gbọ́ bí ọkọ̀ tí ń gé igi bá dé. Charmayne ní ìró ọkọ̀ yẹn ṣe é gbọ́ láti ìlú kejì. Ó dìde, ó sì tì í padà.

Kò pẹ́, Dewitt tún ṣí i. Ó ní ooru ń mú òun. Charmayne tún tì í, ó tún aṣọ ìnura dí. Ni Dewitt bá jáde lọ sí ilé ìdáná, ó ní òun fẹ́ dá wà. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọwọ́ kan tún ti ilẹ̀kùn náà láti òde, ó sì ṣí gbayawu.

"Bùọ̀dá Dewitt, ṣé ẹ fẹ́ kí òtútù pa àwa náà mọ́ Màmá ni?" Charmayne wí, ó sì fi ìdí ti ilẹ̀kùn náà padé. Lẹ́yìn náà ó wo Ozella, ó ní kí ó má bínú. "Láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé yìí ni kò ti fẹ́ràn mi. Bí mo bá sọ pé funfun, á ní dúdú."

Ozella béèrè ọ̀rọ̀ ọ̀rá tó wà lójú fèrèsé. Charmayne ní òun ni òun lẹ̀ ẹ́, ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Orúnkún Màmá ń dùn ún, ó sì ń ṣàròyé pé atẹ́gùn ń gba ojú fèrèsé wọlé. Òun fi téèpù dí gbogbo àlàfo. Ó ní ọjọ́ kejì ni hítà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. Á jó fún wákàtí kan, á kú fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá tún un tàn, á tún kú. Màmá pe Dewitt, Dewitt wá lọ́jọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó tún un ṣe, láti ìgbà náà kò tún kú mọ́.

Ozella ń gbọ́, ṣùgbọ́n bí ìgbà tí ènìyàn ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀ kànga ni. Orí ń fọ́ ọ. Ó rò pé kọfí tí òun kò mu ní àárọ̀ ni. Ó tún ìbéèrè kan bi ní ẹ̀ẹ̀mejì láìmọ̀. Charmayne yán lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀léra, orí rẹ̀ sì tẹ̀ sí èjìká. Omi ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lójú ọ̀rá fèrèsé.

Omi yẹn ni Ozella tẹjú mọ́. Nígbà tó kọ́kọ́ wọ yàrá yìí ní aago mẹ́jọ kọjá, omi ń ṣàn níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni omi ti dì ní ilé ìdáná. Iná irú hítà yìí máa ń tu ooru-omi jáde bí ó ti ń jó. Bí ó bá ti kú láti òru, yìnyín ló yẹ kó wà lójú ọ̀rá yẹn. A jẹ́ pé ó ń jó títí di àárọ̀. A jẹ́ pé ẹnì kan ló pa á. Ta ni yóò wọ ilé tó dì bí òkúta, tí yóò bá ìyá tó tọ́ ọ tó ti kú, tó sì jẹ́ pé hítà ni yóò kọ́kọ́ pa? Kí ni yóò tún fi purọ́ lé e lórí?

Ó gbé ojú lọ síbi iná. Etí iná náà kò ní àwọ̀ ojú ọ̀run mọ́. Ó ti pọ́n bí ọsàn, ó ń nà sókè bí ahọ́n, ó sì ti kun orí àwo náà dúdú.

Ozella rántí ìyá ìyá rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà òtútù, bó ti wù kí yìnyín pọ̀ tó, obìnrin náà kì í ti fèrèsé kan pa tán. Ìwọ̀n ìka kan ló máa ń fi sílẹ̀, a sì máa ṣí ilẹ̀kùn yàrá sílẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn kí ó tó pa hítà. Ọmọ tó bá ti fèrèsé yẹn á gba ìgbátí. Á ní, "Iná náà ń mí bí ẹ̀yin náà ti ń mí. Bí afẹ́fẹ́ ò bá tó ẹ̀yin àti òun, ta ni ẹ rò pé kò ní rí tirẹ̀ mí?"

Ó fẹ́ dìde. Orúnkún rẹ̀ kò gbọ́. Ó pe Charmayne, ahọ́n rẹ̀ wúwo, ọmọ náà kò dáhùn. Ó já bọ́ sílẹ̀ lórí ọwọ́ àti orúnkún, ó rá dé ìdí hítà, ó yí ọwọ́ rẹ̀ títí iná fi kú. Ó rá lọ síbi ilẹ̀kùn. Kò jìnnà ju ìwọ̀n ènìyàn méjì tó dùbúlẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bí ó ti ń rá ni ó ń jìnnà sí i. Ó nawọ́ sí ọwọ́ ilẹ̀kùn, ìka rẹ̀ yọ̀. Ó tún na ọwọ́. Ó mọ̀ pé òun fẹ́ kígbe, ó sì mọ̀ pé kò sí igbe nínú òun.

Ilẹ̀kùn náà ṣí.

Dewitt ló dúró níbẹ̀. Ó fa Ozella jáde ní ọrùn aṣọ, ó padà wọlé, ó gbé Charmayne jáde lọ́wọ́ bí ọmọ ọwọ́, ó sì ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé ìdáná gbayawu. Òtútù wọlé. Ozella fi ojú lé ìloro ẹ̀yìn, ó ń mu afẹ́fẹ́ bí ẹni mu omi. Charmayne bì, ó wúkọ́, ó sunkún, ó sì ṣíjú.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí orí Ozella tó dúró sójú kan. Nígbà tó dúró, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó wo Dewitt, kò sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà ń fi ọwọ́ kan pa ọwọ́ kejì.

"Mi ò pè yín," Ozella wí níkẹyìn. "Charmayne ò pè yín. Kò sí ariwo nínú yàrá yẹn. Kí ló mú yín ṣílẹ̀kùn?"

"Mo kàn ní kí n wò yín ni."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ti ṣí i tẹ́lẹ̀. Ẹ ní ẹ fẹ́ gbọ́ ọkọ̀. Ẹ ní ooru ń mú yín. Lẹ́yìn náà, ẹ wá dúró nínú ilé ìdáná tí omi ti dì fún wákàtí méjì gbáko, pẹ̀lú ọwọ́ lórí ilẹ̀kùn wa. Ẹ ò fẹ́ ká yáná níbẹ̀ rárá. Ẹ pa hítà náà láàárọ̀ kí ẹ tó pè wá, ẹ sì ní ó ti kú. Bùọ̀dá Dewitt, ẹ mọ ohun tó wà nínú yàrá yẹn. Ẹ ò kàn lè là á lẹ́nu ni, torí bí ẹ bá là á, ẹ ó sọ bí ẹ ṣe mọ̀."

Ozella dìde, ó gbé àga onígi kan, ó di èémí rẹ̀ mú, ó wọ yàrá ẹ̀yìn, ó sì fi àga náà fọ́ fèrèsé méjèèjì. Ó jáde, ó dúró kí atẹ́gùn gbá yàrá náà mọ́. Lẹ́yìn náà ó padà lọ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó yọ irin iwájú hítà náà, ó tẹ̀ ba.

Bí irú hítà yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Bí afẹ́fẹ́ kò bá tó o, èéfín tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn ló ń tú jáde, òun ló ń pa ènìyàn, òun ló sì ń mú kí ètè òkú pọ́n. Iná kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí kì í kú, tó ń fi ara yá irin tín-ín-rín kan bí ìka ọwọ́. Bí afẹ́fẹ́ yàrá bá ti ń dínkù ju bó ṣe yẹ lọ, iná kékeré náà á gbé ara nílẹ̀, kò ní kan ìka náà mọ́; ìka náà á tutù, gáàsì á sì ti ara rẹ̀. Nínú hítà Ìyá Vernice, ẹnì kan ti tẹ ìka náà kúrò nípò rẹ̀, ó fi wáyà dè é mọ́ inú iná ńlá gan-an, níbi tí kò ti lè tutù láé.

Ozella gbé tọ́ọ̀ṣì jáde. Charmayne wà lẹ́nu ọ̀nà, kúbùsù lọ́rùn, ó ti rí i.

"Èmi ni mo lẹ ọ̀rá," ni gbogbo ohun tó lè sọ. "Èmi ni mo lẹ ọ̀rá mọ́ fèrèsé."

"Ìwọ lo lẹ̀ ẹ́," Ozella wí. Kò fi irọ́ tù ú nínú. "Hítà sì rí i, ó sì sọ fún yín. Gbogbo ìgbà tó ń kú yẹn, kò ṣàìsàn. Ó ń kú kí Màmá má baà kú ni. Ẹni tó pa á lẹ́nu mọ́ la wá ń wá."

Dewitt jókòó sílẹ̀ ilé ìdáná bí àpò tí wọ́n tú. Ọ̀rọ̀ wá jáde lẹ́nu rẹ̀ láìfẹ́ ìbéèrè. Ó ní lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn hítà náà kú lójú òun lẹ́ẹ̀mejì, Màmá sì ń gbọ̀n. Òun ti rí i níbi iṣẹ́ pákó rí tí ẹnì kan de irin hítà bẹ́ẹ̀, kò sì sí ohun tó ṣe ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Gbàgede ńlá ni ibẹ̀, òun kò rò ó dé ibẹ̀. Màmá súre fún òun. Ní àárọ̀ yìí, bí òun ṣe ṣí ilẹ̀kùn yàrá, ooru náà gbá òun lójú, orí òun yí, òun sì mọ̀ kí òun tó kan ọwọ́ Màmá pé òun lòun pa á. Òun pa hítà. Nígbà tí òun jáde sí ilé ìdáná, òun rí Charmayne nínú èébì, ìkòkò ọbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Èṣù ló sọ ọ̀rọ̀ yẹn sí mi lẹ́nu, ọ̀gá."

"Kì í ṣe èṣù ló tẹ nọ́ńbà wa," Ozella wí.

Charmayne kò kígbe mọ́ ọn. Ó sún mọ́ ọn, ó dúró lókè orí rẹ̀. "Mo bá yín ṣọ̀fọ̀ Màmá," ó wí. "Nígbà tẹ́ ẹ gbé e kọjá níwájú mi, mo bá yín sunkún. Ẹ sì mọ̀."

Dewitt bo ojú.

Ìrònú kan wọ inú Ozella, ó tutù ju ìta lọ. Ọkùnrin tó bá tún hítà ṣe fún ìyá rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ sì súre fún un, kò ní ṣàì ní oníbàárà.

"Ilé ta lẹ tún ṣe é?"

Ọkùnrin náà gbójú sókè. Ojú rẹ̀ ti gbẹ. Ó ní ilé Hollis Baggett ni, lọ́jọ́ Ajé. Díákónì Hollis àti Mozelle ìyàwó rẹ̀, àgbàlagbà méjì, àádọ́rin ọdún ó lé, ní ìdajì máìlì sí ibẹ̀. Ó ní òun ti ń rò ó láti àárọ̀.

"Láti àárọ̀," Ozella wí. Ó ti ń wọ ìbọ̀wọ́.

Wọn kò rìn, wọ́n rá. Ojú ọ̀nà dà bí dígí tí wọ́n fi òróró pa. Dewitt wà níwájú nítorí òun ló mọ ọ̀nà igbó. Ó ń ṣubú, ó ń dìde, ó di ọwọ́ Charmayne mú níbi tí odò ti gba abẹ́ afárá, Charmayne sì jẹ́ kó di òun mú, nítorí kò sí ọwọ́ mìíràn níbẹ̀. Ozella ti ní kí ọmọ náà dúró sílé kó sinmi. Ó ní òun kò lè dúró nínú ilé yẹn. Igi ń dá lọ́tùn-ún lósì wọn. Ìdajì máìlì gbà wọ́n ní ohun tó lé ní wákàtí kan.

Ilé àwọn Baggett dákẹ́. Gbogbo fèrèsé rẹ̀ ló ṣú fún ooru-omi. Ozella kan ilẹ̀kùn, kò sí ìdáhùn. Dewitt kò dúró kí ó kàn án lẹ́ẹ̀kejì. Ó fi ìgúnpá fọ́ fèrèsé pálọ̀, ó na ọwọ́ wọlé, ó ṣí ilẹ̀kùn, ẹ̀jẹ̀ ń kán lápá rẹ̀.

"Ta ló ń fọ́ fèrèsé mi?" ohùn kan wí láti inú àga, ó ń fà tìì bí ohùn ọ̀mùtí. "Dewitt, ṣé ìwọ nìyẹn? Owó gáàsì kì í ṣe omi o. Ti nǹkan yẹn."

Díákónì Hollis ló wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ ń yí. Mozelle dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ hítà, kò mira. Wọ́n di èémí, wọ́n gbé wọn jáde sí ìloro, wọ́n fi gbogbo kúbùsù ilé wé wọn. Dewitt padà wọlé, ó pa iná náà, ó fi ìka lásán tú wáyà tó dè, irin náà sì jó o lọ́wọ́, kò jù ú sílẹ̀. Charmayne fi orí Mozelle lé itan ara rẹ̀, ó ń gbá a lẹ́rẹ̀kẹ́ jẹ́jẹ́, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ó ti máa ń bá Màmá sọ̀rọ̀: ẹ jí, ẹ má hanrun, ẹ jí. Ó pẹ́ tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Hollis ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà lóhùn rírẹlẹ̀ kí ìyàwó rẹ̀ tó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, tó tún wúkọ́, tó sì ní kí wọ́n yéé gbá òun létí.

Aago mẹ́ta ọ̀sán ń lọ nígbà tí ọkọ̀ ìjọba tó fi ṣéènì wé táyà gé igi dé iwájú ilé náà. Àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ìgò afẹ́fẹ́. Ọlọ́pàá kan tí wọ́n ń pè ní Coggins sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú wọn. Ọ̀rọ̀ rédíò àárọ̀ nìkan ló gbọ́: wọ́n ní olùtọ́jú ni wọ́n fura sí. Ó rí ọmọbìnrin kan lórí ìloro tó wọ aṣọ olùtọ́jú, ó yọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lára bẹ́líìtì rẹ̀, ó sì ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ozella lè dá a dúró. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Ó yí ojú sí Dewitt, ó dákẹ́ irú dídákẹ́ tí wọ́n mọ̀ mọ́ ọn.

Dewitt Sudduth dìde láti orí àtẹ̀gùn. Ọwọ́ rẹ̀ tó jóná ti wú.

"Kì í ṣe òun," ó wí. "Èmi ni."

Coggins wo Ozella, ó rò pé òun ṣì í gbọ́, ó ní kí ọkùnrin náà tún un sọ. Dewitt tún un sọ, ó fi orúkọ rẹ̀ kún un, ó fi orúkọ Màmá kún un, ó sì sọ ọ́ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń gbé Mozelle sọ̀kalẹ̀ fi dúró. Charmayne kò wẹ̀yìn. Ó ń tẹ̀lé ibùsùn aláìsàn náà lọ sínú ọkọ̀, ó di ọwọ́ ìyá arúgbó mú, ó ń sọ fún un kó máa mí.